Iṣan yọ gọngọ lẹ́sẹ̀: ṣé àìsàn ni àbí iṣẹ́ Èkó?

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí ìdúró ń fi ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ṣe, kó gba Balógun kọjá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí àwọn tó ń ta aṣọ ti ń palẹ̀ ọjà mọ́. Ìyá kan á fìdí lé àpótí, á ká ìró sókè dé orúnkún, á máa fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yẹn, iṣan kan á ti yọ gọngọ, á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bọ́ sẹ́yìn ojúgun, ó nípọn tó ìka ọmọdé. Bí oníbàárà bá bi í pé, "Mọ̀mí, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀ báyìí?", èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ Èkó ni o. Kì í dùn mí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń parí sí. Lẹ́yìn rẹ̀, kálukú á máa sọ tirẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní kíndìnrín ni. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù á ní ó ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Lórí WhatsApp, ẹnì kan á ti gbé fídíò jáde, á ní kápúsù òun á fọ iṣan mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀.

Nígbà kan náà, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Marina ń wo iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé lẹ́yìn orúnkún rẹ̀ nínú dígí, ẹ̀rù ń bà á; ọmọkùnrin tó ń gbé irin ní jíìmù ní Súrùlérè sì ń ya fọ́tò iṣan tirẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Iṣan ló yọ lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ohun tó yọ ọ́ síta kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó yẹ kí ẹ̀rù bà nínú wọn sì ni ìyá tó ní kò dun òun.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkàn máa ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde gba inú àwọn iṣan àlọ, ipá ọkàn ló sì ń gbé e dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bá fẹ́ padà, dandan ni kó gun òkè láti gìgísẹ̀ dé àyà, ìrìn tó lé ní mítà kan lára àgbàlagbà tó dúró. Ipá ọkàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà yẹn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe: gbogbo ìgbà tí a bá gbẹ́sẹ̀, ẹran náà á fún iṣan àbọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ta sókè. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣubú padà, àwọn fáàfù kéékèèké wà nínú iṣan, ewé méjìméjì tó ń ṣí sókè, tó sì ń pa dé bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbẹ́ borehole sílé l'Ékòó mọ irú fáàfù bẹ́ẹ̀, èyí tí púláńbà máa ń fi sí páìpù kí omi tó ti gòkè má baà padà sísàlẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kò sí bí ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe lè lágbára tó, omi á máa padà ni.

Bí èèyàn bá dúró gbọnin lójú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan àbọ̀ tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ máa ń tó 80 sí 90 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí onítọ̀hún bá ń rìn, tí fáàfù rẹ̀ sì dára, ó máa ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdúró gbọnin ló ń pọ́n iṣan lójú, kì í ṣe ìrìn. Ẹni tó ń kiri ọjà láti Ọ̀yìngbò dé Yábàá lè rẹ̀ ju ẹni tó dúró ti káúńtà látàárọ̀ lọ, síbẹ̀ kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn ju ti onítọ̀hún lọ.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí iṣẹ́ fáàfù yìí. William Harvey, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi apá ènìyàn ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1628. Okùn tó fi so apá àti ìka ọwọ́ lásán ló lò. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ á fi yọ dáadáa. Ẹ fi ìka kan tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀ lápá ibi tí àwọn ọmọ ìka wà, kí ẹ má gbé e. Ẹ fi ìka kejì ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sápá ọrùn ọwọ́, kí ẹ wá gbé ìka kejì yìí kúrò. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibì kan wà tí iṣan náà á ṣófo pẹlẹbẹ dé, ẹ̀jẹ̀ ò ní kọjá ibẹ̀ padà wá. Fáàfù ló dá a dúró. Bí ẹ bá gbé ìka àkọ́kọ́, á kún lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀, ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà. Àwọn iṣan ńlá tó fara pamọ́ sáàárín ẹran ló ń gbé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100. Àwọn tó wà lábẹ́ awọ ló ń gbé ìyókù. Èyí tó gùn jù nínú wọn, òun náà ló gùn jù nínú gbogbo iṣan àbọ̀ ara ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú kókósẹ̀ inú, ó gba ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún, ó lọ já sínú iṣan ńlá níbi tí itan ti pàdé ikùn. Kò sí ẹran tó yí i ká tó lè dì í mú. Bí ògiri rẹ̀ bá dẹ̀, ewé fáàfù méjèèjì ò ní lè fẹnu kanra mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa já bọ́, ìwúwo rẹ̀ á ba fáàfù tó tẹ̀ lé e jẹ́, èyí náà á tún kó bá ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣan á gùn ju àyè tó wà fún un lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti tó mìlímítà 3 nígbà tí èèyàn wà lórí ìdúró, òun ni àwọn dókítà ń pè ní varicose veins. Àwọn wínníwínní tó fọ́n káàkiri, tí fífẹ̀ wọn kò tó mìlímítà 1, ọ̀rọ̀ tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹwà ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bà jẹ́.

Kí ló wá ń dẹ ògiri iṣan? Àjogúnbá ló ṣáájú. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní in, kó máa fojú sọ́nà. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìsanra wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì rí nínú iṣan ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gíga pàápàá kò gbẹ́yìn: lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford yẹ àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ga sí i ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Oyún ló wá jẹ́ àgbà nínú ohun tó ń fà á lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìyá ló lè dárúkọ ọmọ tí iṣan bá wáyé. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara máa ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 pọ̀ sí i. Progesterone, ohun tí ara ń pèsè láti jẹ́ kí ilé ọmọ rọ̀ kó má baà fún ọmọ jáde láìtọ́jọ́, kì í mọ̀ sórí ilé ọmọ nìkan. Ó ń dẹ ògiri iṣan náà. Bí oyún bá sì ti ń dàgbà, ilé ọmọ á jókòó lé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ gba ìbàdí kọjá. Abájọ tí ẹsẹ̀ aláboyún fi ń wú ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìbímọ, láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan, púpọ̀ nínú iṣan wọ̀nyí máa ń relẹ̀ fúnra wọn, nítorí náà kò sóhun tó ń lé ìyá ọmọ tuntun láti sáré náwó lé e lórí. Oyún tó bá tẹ̀ lé e ló máa ń mú un padà tagbáratagbára.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílùú Edinburgh, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1999, lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 64, nǹkan bí ọkùnrin 40 nínú 100 ló ní iṣan ńlá tó wú tó lọ́, nígbà tí ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí 32. Ṣòkòtò ló ń bo tiwa mọ́lẹ̀. Awakọ̀ dánfó tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland, tó ká orúnkún láti aago márùn-ún ìdájí, wàhálà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá aláṣọ, nítorí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe. (Ẹsẹ̀ òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ń gbìyànjú díẹ̀.) Ní ti gbígbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tí àwọn àgbà máa ń fi dẹ́rù ba ọmọbìnrin, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé òun ló ń fà á.

Nísinsìnyí, iṣan tó yọ láìṣe pé fáàfù bàjẹ́. Nígbà tí ooru bá mú, bíi ti oṣù Kejì sí Ìkẹta l'Ékòó, ara á ṣí àwọn iṣan abẹ́ awọ sílẹ̀ kí ooru lè bá ibẹ̀ jáde, gbogbo wọn á yọ. Ọmọ jíìmù náà ńkọ́? Ẹran rẹ̀ wú, ó ti iṣan sókè sára awọ, kò sì sí ọ̀rá tó bò ó. Tó bá sinmi, á lọ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú àìsí ọ̀rá bákan náà, àgbàlagbà sì ní í ṣe pẹ̀lú awọ tó ti fẹ́lẹ́. Aláwọ̀ pupa ń rí iṣan tirẹ̀ ju adúláwọ̀ lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò di aláwọ̀ ewé o, pupa tó ṣú ni. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú awọ kọjá ló ń fi í hàn bẹ́ẹ̀.

Ti bíbóra ló yẹ ká sọ dáadáa. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, NAFDAC kéde pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nípa ìlera lórílẹ̀-èdè yìí. Nínú àwọn kírímù àdàpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike, tí wọ́n wá kọ "organic" sí lára, kì í ṣọ̀wọ́n kí steroid bíi clobetasol wà níbẹ̀, oògùn líle tí dókítà awọ máa ń ní kí èèyàn fi pa ojú ibi kékeré kan fún àkókò díẹ̀. Bí èèyàn bá ń fi í para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, dúdú tó ń bo iṣan á ṣí kúrò, awọ fúnra rẹ̀ á fẹ́lẹ́, àwọn iṣan wínníwínní abẹ́ awọ á sì fẹ̀ sí i. Irú awọ bẹ́ẹ̀ tètè ń ya, egbò rẹ̀ kì í yára jinná. Nítorí náà, ọmọ báǹkì tó rí iṣan aláwọ̀ ewé lẹ́yìn orúnkún, bó bá ń lo irú kírímù yìí, iṣan rẹ̀ lè má ní àléébù kankan, awọ ló ń lọ. Kírímù mìíràn tí wọ́n ní á bo iṣan mọ́lẹ̀ kọ́ ló kàn. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó pẹ́, kó rí dókítà kó tó dá a dúró, torí ara lè dàrú bó bá já a lójijì.

Ìyá aláṣọ wa ńkọ́? Àwòrán tó pọ̀ jù nípa àìsàn yìí, ẹsẹ̀ òyìnbó ló wà níbẹ̀, iṣan aláwọ̀ aró lórí awọ funfun. Ẹni dúdú tó bá ń wá irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ara rẹ̀ lè má rí i, kó sì rò pé àlàáfíà lòun wà. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n jù ojú lọ lára tiwa. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún wá sísàlẹ̀: á wú, á rọ̀ múlọ́múlọ́, bí ẹ bá sì dùbúlẹ̀ tí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi iṣan sílẹ̀, ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwúwo ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ máa wú ní ìrọ̀lẹ́, tí ojú sọ́kísì á máa hàn lára rẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ á ti relẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìhún á dé. Àwọn èèyàn á ní làpálàpá ni, wọ́n á máa fi oògùn làpálàpá pa á fún ọdún kan, kò ní lọ. Lápá òkè kókósẹ̀ inú, awọ á wá dúdú ju ìyókù ẹsẹ̀ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń jò jáde látinú iṣan wínníwínní ń fi iron inú rẹ̀ sílẹ̀ sínú awọ. Bó bá pẹ́, ibẹ̀ á le gbagidi, á sún kì, ọrùn ẹsẹ̀ á tín-ín-rín nígbà tí òkè rẹ̀ wú. Bí ibẹ̀ bá wá fara kan nǹkan, bó ti wù kó kéré tó, egbò tó bá yọrí kò ní jinná.

Egbò àdáàjinná tí à ń sọ pé ẹnì kan ló rán síni, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sílẹ̀ yìí ló gbà dé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ṣá o. Àtọ̀gbẹ ní egbò tirẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń dá egbò sí ọrùn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣan ló bá fà á, ìpara àti ewé nìkan ò lè wò ó, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti òkè ṣì ń da omi sínú egbò náà lójoojúmọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ lé iṣan tó wú lórí nítorí àtitú ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde. Ẹ̀jẹ̀ á tú jáde lóòótọ́, á tú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá ṣèèṣì bẹ́, kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà lọ, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọnyin láìyọjú wò ó, kí ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀kan wà tí kò ṣeé dúró dọ̀la. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, tó sì gbóná ju èkejì lọ, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, tàbí ìrìn àjò gígùn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ńlá ìsàlẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná wọ́ ọ, ẹ má pe ẹni tó ń fọwọ́ ra ara. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, àyà á máa dùn ún. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

Fún iṣan tó lọ́ lásán, ohun tí ẹni tí ọjà ò jẹ́ kó jókòó lè ṣe kò gbówó lórí: kó máa dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ nídìí káúńtà bó bá ti ráyè, kó rìn dé ìsọ̀ kejì, kó sì gbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ bó bá délé, kì í ṣe orí àpótí ìtìsẹ̀ tó rẹlẹ̀. Èyí á dín ìwúwo àti ìrora kù. Kò ní tún fáàfù tó ti bàjẹ́ ṣe. Sọ́kísì tí wọ́n ṣe fún un máa ń le jù lọ́rùn ẹsẹ̀, á sì máa dẹ̀ bó ti ń gòkè, àárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú ló yẹ kí èèyàn wọ̀ ọ́. Nínú ooru wa yìí, mo mọ̀ pé ìyà ni. Sọ́kísì ọ̀kirikà tó fún orúnkún pinpin, tó wá tú sílẹ̀ nísàlẹ̀, òdìkejì iṣẹ́ ló ń ṣe. Kí alátọ̀gbẹ tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù má dá a wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ iṣan àlọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ná.

Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń dúdú tàbí tó ti le, kó lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ, kó sì béèrè síkáànù iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Doppler. Irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà. Orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń yẹ iṣan abẹ́ awọ wò, torí ẹsẹ̀ tó nà lórí bẹ́ẹ̀dì lè fi àléébù pamọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sísàlẹ̀ fún ohun tó ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, fáàfù ń jò. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, gbé jáde lọ́dún 2013 ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ooru dí iṣan náà pa láti inú. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń hó bí ọṣẹ. Bí èyí náà ò bá wọlé, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́. Àwọn aláìsàn máa ń bèèrè pé bí wọ́n bá dí iṣan pa, ibo ni ẹ̀jẹ̀ á gbà. Àwọn iṣan ńlá ìsàlẹ̀ tó ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá fi ooru ṣe é fún máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Iṣan mìíràn ṣì lè yọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, torí ògiri iṣan tí onítọ̀hún jogún kò yí padà.